Ohun Tó Ń Jẹ Fọ́tò

Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ń sọ pé Bàbá ti lọ sinmi. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n inú mi kò gbà á. Èwo ni ìsinmi? Bàbá tí mo mọ̀ kò lè jókòó títí tíì inú ife yóò fi tutù níwájú wọn. Bí ẹ bá gbé àga fún wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa dúró sí, wọ́n á di orí rẹ̀ mú, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Bí àwọn áńgẹ́lì bá ti fi àga lọ̀ wọ́n lọ́run, ó dá mi lójú pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ káńsù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ìdúró ni wọ́n máa ń kọ̀wé, wọ́n á gbé ìwé lé orí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ kọjá lọ. Ní Òsì, ìlú wa, àwọn ọmọdé sọ wọ́n ní Bàbá Àìjókòó. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò bínú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ènìyàn sọ pé ohun kan wà níbi ìpamọ́, kí ẹni náà má sì lè sọ ọjọ́ tó wò ó kẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Nǹkan tí o kì í wò, ṣé ìwọ lo ni ín ni?"

Èmi ni Ṣadé, ọmọ ọmọ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn àti Màmá, ìyàwó wọn, ni mo dàgbà sí, nítorí pé bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Mọ́tò ló pa wọ́n lọ́nà Òmù-Àrán. Ìyá mi padà sílé wọn ní Kàdúná, wọ́n sì fẹ́ ọkọ mìíràn, mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn láti kékeré: mi ò mọ ojú bàbá mi.

Ẹni tó jẹ́ ará ibí yìí mọ ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá kú tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, àwọn òbí kò gbọdọ̀ mọ ibojì rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ rí nǹkan rẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí òkú bàbá mi wọlé, ẹ̀gbọ́n Bàbá, olórí ẹbí, kó gbogbo aṣọ wọn àti gbogbo fọ́tò wọn. Wọ́n já èyí tó wà lára ògiri, wọ́n tú àpótí ìyá mi, wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò lọ gba nẹ́gétíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde. Wọ́n sun ún. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ṣe. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Àánú náà ló sì sọ mí di ọmọ tí kò ní bàbá àní lórí ìwé.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, mo bi Bàbá bí bàbá mi ṣe rí. A kì í dárúkọ wọn nílé, nítorí náà "bàbá mi" náà ni mo pè wọ́n. Bàbá dìde kúrò níbi tí wọn ò tíì jókòó sí dáadáa, wọ́n mú dígí tí Màmá fi ń di gèlè, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Wo ejú rẹ. Ibẹ̀ ló kù sí."

Mo wo ojú mi títí ó fi sú mi. Ojú mi nìkan ni mo rí.

Ìyókù fọ́tò ilé wa, Bàbá ni olùṣọ́ wọn. Inú àpótí páànù kan ni wọ́n kó wọn sí, àpótí náà kò sì ní ibùjókòó bí ẹni tó ni ín. Lónìí ó wà lábẹ́ ibùsùn, lọ́la ó ti wà lórí àjà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní páànù òrùlé ń jò. Bí ó bá wà nílẹ̀, wọ́n á ní ikán ń bọ̀, wọ́n á gbé e lé bíríkì. Nígbà ọyẹ́, wọ́n á kó fọ́tò síta lórí ẹní, wọ́n á pe gbogbo wa jọ ká máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró tì wá, wọ́n á máa pariwo pé ká má fọwọ́ kan ojú ẹni. Màmá á ní, "Ìn fi fọ́tò sílẹ̀ kó mí," bí àwa ará Òsì ṣe ń pe "ẹ". Bàbá á ní, "Bó bá mí tán, kò ní mí mọ́. Kò sí ohun tí kò ní ohun tí í jẹ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń rí ayé nìyẹn. Kòkòrò ń jẹ àgbàdo, ìpẹtà ń jẹ ọkọ́, ikán ń jẹ ìwé, oòrùn ń jẹ àwọ̀. Bí ẹ bá fi nǹkan tuntun hàn wọ́n, redíò ni o, fìríìjì ni o, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni, "Kí lí í jẹ ẹ́?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn, onírọ́ ni lójú wọn.

Wọn kò sì gbà pé ibì kan ṣoṣo lè jẹ́ ibi ìpamọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò Màmá. Èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ káńsù wà ní Ìlọ́fà. Tó bá wu Màmá kí wọ́n wo ara wọn bí ìyàwó tuntun, wọ́n ní láti gun ọ̀kadà! Mo rántí ọjọ́ tí Màmá tibẹ̀ dé tí eruku bo gbogbo irun wọn, tí wọ́n sì ń ṣẹ́ èpè fún ọkọ tó fi ojú ìyàwó rẹ̀ dógò sí ìlú mìíràn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bu omi fún wọn, wọ́n ní, "Àgbẹ̀ tó kó gbogbo èèbù usu rẹ̀ sí abà kan, iná ló ń ṣiṣẹ́ oko fún."

Ṣùgbọ́n ìrìn tó da ilé wa rú ni ti Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Ìsọ́lọ̀, opó ọ̀rẹ́ Bàbá kan tí wọ́n jọ wà ní káńsù. Obìnrin Aládùúrà ni, aṣọ funfun kì í kúrò lára wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà, kò sí oṣù tí Bàbá kì í wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Wọn kì í pẹ́. Wọ́n á lọ ní àárọ̀, wọ́n á dé ní ọ̀sán. Wọn kì í ru nǹkan lọ, wọn kì í sì í mú nǹkan bọ̀.

Màmá kò gbà á pẹ̀lẹ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Wọ́n á dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà bí bọ́ọ̀sì bá ti ṣí, wọ́n á kígbe pé, "Ìn kí i fún mi o! Ìn kí àlè yín fún mi!" Bàbá kò ní yíjú padà. Lẹ́ẹ̀kan, mo bá wọn lọ. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nígbà tí a débẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àlè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdúró ni Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ikán ò tíì dé ibẹ̀?" Ìyá Ìsọ́lọ̀ ní, "Kò tíì dé." Bàbá ní, "Òjò ńkọ́?" Ìyá Ìsọ́lọ̀ ní, "Kò kàn án." Ó parí. A mu omi, a padà sílé. Mo rò pé ilé kan ni Bàbá ń bá wọn kọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn alàgbà tó ń ka ẹ̀kọ́ kíkà lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn àgbà ìjọ pè wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá lọ sílé opó. Bàbá kò ṣàlàyé. Àwọn àgbà ìjọ ní bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n má lọ mọ́. Bàbá ní àwọn ó lọ. Ìjọ gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń dúró sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó pẹ́ dé máa ń wà. Ó dùn wọ́n. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n, nítorí pé nílé, wọ́n ṣì máa ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sókè fún àwọn ewúrẹ́. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn àgbà ìjọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bí ẹ bá rò bẹ́ẹ̀, ẹ máa rò ó lọ."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 wọlé, mo rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà kan ní Ìlọrin. Ìwé la ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn, títí ọ̀gá mi fi ra síkánà, ẹ̀rọ tí à ń da fọ́tò dé tó sì ń gbé e wọ inú kọ̀mpútà. Mo ròyìn rẹ̀ nílé. Mi ò mọ̀ pé mo ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara mi. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, àpótí páànù lórí. Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé e sí búùtù, wọ́n kọ̀, orí itan ni wọ́n gbé e lé láti Òsì dé Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, wọ́n mú dísíkẹ́ẹ̀tì kan, pẹlẹbẹ tí à ń kó ohun inú kọ̀mpútà pamọ́ sí, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí lí í jẹ ẹ́?"

Mo ní eruku. Mo ní ooru. Mo ní mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ ohùn redíò lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Wọ́n bi mí pé ọdún mélòó ni ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀ ti fi lò ó. Mi ò mọ̀. Ọ̀gá mi, tó ti ń rẹ́rìn-ín, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé oríṣi kan tó ń jẹ́ sídìí ti wà ní Èkó, ikán kì í jẹ ẹ́, omi kì í bà á jẹ́. Bàbá ní kí ló wá ń jẹ ìyẹn. Ọ̀gá mi rò ó, wọ́n ní bí nǹkan bá ha á lójú, ó tán. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ tó máa kà á ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá kú, tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́?" Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi rò pé wọ́n á gbé àpótí wọn, wọ́n á máa lọ. Rárá. Wọ́n ní, "Gbogbo wọn ló ní ohun tí í jẹ wọ́n. Àmọ́ ohun tí í jẹ ìwé kọ́ ló ń jẹ eléyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dà á sí mẹ́ta." Ọ̀wọ́ dísíkẹ́ẹ̀tì kan dúró sọ́dọ̀ mi, ọ̀wọ́ kan lọ sí Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀, ọ̀wọ́ kan lọ sí Ìsọ́lọ̀. Àwọn fọ́tò orí ìwé padà sínú páànù. Wọ́n ní kò sí èyí tó gba ipò èkejì.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n tún dé. Àpótí kò sí lọ́wọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Ìsọ́lọ̀ ni wọ́n mú wá, nínú aṣọ funfun, tí wọ́n gbá báàgì mọ́ àyà. Bàbá kò wọlé. Wọ́n dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fọganáísà tó ń lẹ táyà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé wa. Mo ní kí wọ́n wọlé, oòrùn mú. Wọn ò dáhùn. Ìyá Ìsọ́lọ̀ yọ àpò ìwé aláwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ kan, ọ̀rá wé e lára, kánfọ̀ tí í lé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ni kó o ṣí i. Bàbá àgbà rẹ ò gbọdọ̀ wò ó."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ ọ̀fọ̀ náà, Ìyá Ìsọ́lọ̀ ló kọ́kọ́ dé láti bá wọn kẹ́dùn. Bàbá ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀ wá kó fọ́tò. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpótí, wọ́n dijú, wọ́n mú fọ́tò bàbá mi kan tí wọ́n mọ̀ pé ó wà lókè pátápátá, wọ́n fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí àwọn rí i láé, kí wọ́n má sì jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́. Wọ́n pa òfin mọ́, wọ́n sì pa ọmọ wọn mọ́. Wọ́n lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn láti béèrè ikán àti òjò, láìtún wo fọ́tò náà mọ́. Wọn ò sì lè sọ fún Màmá, nítorí ìyá ni Màmá, òfin náà mú wọn. Orúkọ burúkú tẹ́ wọn lọ́rùn ju kí wọ́n pa fọ́tò náà tì lọ.

Mo ṣí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Iwájú orí mi ni. Etí mi ni. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe àárò ẹni tí kò mọ̀ rí tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìta, Bàbá ní, "O ti rí i?"

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ le, ètè rẹ̀ pàdé. Mi ò lè purọ́ fún ẹ̀yìn tó dúró gbọnrangandan nínú oòrùn yẹn. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò rẹ́rìn-ín."

Fọganáísà ń gbá táyà. Bàbá ní, "Wò ó dáadáa. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín pọ̀."

Mo tún wò ó. Mo ní, "Kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wò. Ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń gbé e mì."

Èjìká Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ oníṣẹ́ fọ́tò ni mo dúró sí. Mo ń fi ejú ṣeré fún un kó lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló ń wò." Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó. Lórí táyà fọganáísà ni wọ́n jókòó, wọn ò sì dìde títí mo fi da fọ́tò náà sí dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí èyí tó wà lórí ìwé sì padà sínú báàgì Ìyá Ìsọ́lọ̀.

Bàbá kú lẹ́yìn Àjíǹde ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí mo fi dísíkẹ́ẹ̀tì fọ́tò bàbá mi tó wà lọ́dọ̀ mi sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ ìsìnkú, kò ṣí. Ti Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ ṣí, ọpẹ́lọpẹ́ orí Bàbá tí kò gba ibì kan gbọ́. Mo tún òmíràn dà. Ṣùgbọ́n àìfarabalẹ̀ wọn ti ràn mí. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rò ó pé ta ló mọ̀ bóyá ti ibí ti kú, bóyá ti ọ̀hún ti kú. Ọjọ́ tí a parí ètò ìsìnkú gan-an, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ sí Ìsọ́lọ̀ lọ wo fọ́tò bàbá mi gan-an tó wà lórí ìwé.

Nígbà tí mo padà délé, Màmá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé. Wọn ò gbójú sókè.

"Ìsọ́lọ̀ lo ti ń bọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa.

Wọ́n ní, "Ikán ò tíì dé ibẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá da èèpo ẹ̀gúsí nù, wọ́n mú òmíràn.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà lọ́jọ́ tí bàbá àgbà rẹ fi fọ́tò náà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́. Ta ló rò pé ó ń fi pamọ́ fún? Bí mi ò bá pariwo àlè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá bi í léèrè ohun tó ń wá lọ, ì bá sì lọ tú ulé obìnrin náà. Ọkùnrin tó bá lọ sí ulé obìnrin, kò sẹ́ni tí í béèrè ohun tó lọ ṣe." Wọ́n ju ẹ̀gúsí kan sínú abọ́. "Ẹnu mi ni wọ́n fi gba ìwé kíkà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún sí i. Àmọ́ mi ò dákẹ́."

"Ṣé Bàbá mọ̀ pé ẹ mọ̀?"

"Mi ò bi í. Òun náà ò bi mí."

Mo ní kí n lọ gbé e wá fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ tó kún fún èèpo sókè kíá, wọ́n dijú. "Rárá o! Ìyá ni mí. Sọ ọ́ fún mi. Sọ bó ti rí."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kóòtù tó tóbi, ti etí, ti ètè tó ń gbé ẹ̀rín mì. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, pé Bàbá sọ fún mi pé àwọn ni bàbá mi ń wò.

Màmá la ojú. "Ta ni? Bàbá àgbà rẹ? Káńsù ló wà lọ́jọ́ náà! Èmi ni mo mú ọmọ mi lọ. Èmi ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣẹ́ fọ́tò, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa. Èmi ló ń wò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fà wọ́n mọ́ra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ẹ̀yin ló ń wò. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.